Mo Gbà Á, Èènì Mi Ńkọ́?

Gbénró atọ́kùn eré fi ìka kan ṣí ìdérí àpótí kẹfà, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì fajú ro kí ó tó yí i sí kámẹ́rà. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Orí-Omi ti ń wo ojú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ojú náà mọ ohun tí ń bọ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ funfun kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí.

"Ọ̀kan ti jáde," ni ó wí. "Tinúadé, bí orí rẹ bá jókòó sídìí ọpọ́n ayò, n kò ní bá a ta."

Èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tinúadé kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àpótí kẹrin tí ó ti yàn láti ìbẹ̀rẹ̀, òógùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti ya àwòrán ìka sára irin náà. Àpótí mẹ́ta ló kù tí wọn kò tíì ṣí: ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti méjì lórí tábìlì. Lára pátákó gíga tó wà lẹ́yìn Gbénró, iná ti kú lórí ohun gbogbo tó ti jáde. Ohun tó ṣẹ́kù nìkan ló ń tàn: òfo, ẹ̀gbà mẹ́ta, ẹ̀gbà márùn-ún.

Orí afárá ayé àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń ṣe eré náà. Ìbẹ̀rẹ̀ afárá náà ti wó sómi, òpin rẹ̀ náà ti wó. Àárín rẹ̀ ló dá dúró lórí òpó, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ènìyàn sì lè gbà débẹ̀. Bí ìgbì bá lu òpó, iná orí pèpéle á mì, àwọn tó jókòó á di ara wọn mú, wọ́n á sì tún máa bá ẹ̀rín wọn lọ.

Ẹ̀gbà kan wà lọ́rùn ọwọ́ Gbénró fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran ara ti fẹ́ẹ̀ bò ó. Bí eré bá parí, ọkọ̀ rẹ̀ á gbé e padà sí Òkè, níbi tí ilẹ̀ wà, tí omi kò dé. Ẹnubodè á rí ẹ̀gbà náà, á sì ṣí fún un. Ẹ̀gbà kan, ènìyàn kan. Ẹni tí kò ní in, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn, ẹnubodè kò ní ṣí.

Tinúadé wo Ìjókòó Ẹbí. Ẹni mẹ́ta ló wà lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó ń ta bóòtù àti irin ẹ́ńjìnnì, tí gbogbo ọjà orí omi mọ̀ sí Bàbá Oníbóòtù, dé fìlà àrán tí kì í dé àfi ọjọ́ ìsìnkú. Ìṣọ̀lá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sáré. Àṣàbí ọmọ Tinúadé ti sùn lé itan bàbá àgbà, ó la ẹnu sílẹ̀. Bí agbo ilé rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìkẹrin. Láníyan ọkọ rẹ̀ ì bá ṣe ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà ìjì ọdún tó kọjá, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ so ilé mọ́ òpó, ìjì gbé ilé náà, ó sì gbé àwọn méjèèjì mọ́ ọn. Oṣù ìjì mìíràn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Agbo ilé kan kì í sì í ṣe eré yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé. Ẹni tó bá padà sílé láìní ẹ̀gbà, òun àti omi ni yóò jọ yanjú ọ̀rọ̀ ara wọn.

Agogo dún. Wọ́n ń gbé Alágbàtà bọ̀, ẹ̀rọ tí ń fi ẹ̀gbà ra àpótí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe eré.

Kò tóbi. Àpótí dúdú kan ni, wọ́n gbé e sórí àtẹ onígi bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọjà kalẹ̀, wọ́n sì fi àdìrẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kó ohùn àwọn ìyá ọlọ́jà tó ti kú jọ, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láyé ọjọ́un nígbà tí ọjà ṣì wà lórí ilẹ̀, wọ́n sì pò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ohùn náà dùn. Àwọn àgbàlagbà mìíràn kì í lè gbọ́ ọ kí omi má bọ́ lójú wọn, nítorí pé ó máa ń jọ ti ẹnì kan.

"Ẹ káàbọ̀, oníbàárà mi," ni Alágbàtà wí. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà, màmá," ni Tinúadé dáhùn.

"Àpótí yín lowó, ẹ̀gbà mi lọjà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò."

Bí ó ti ń rò ó, Tinúadé náà ń rántí.

Láti ìgbà tí orúkọ agbo ilé wọn ti jáde ni bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kò ti jẹ́ kí etí rẹ̀ sinmi. Ìṣọ̀lá lọ ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lórí omi títí olùkọ́ fi rí ẹ̀gbà tirẹ̀, tí ó sì gba Òkè lọ. Láti ìgbà náà, òun ló ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò. Kò sí àlọ́ onípele tí kò lè já, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ tí kò ní tú wò. Gbogbo eré àtijọ́ tó lè rí ló wò, ó tún wò wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń fi ọ̀dà dí abẹ́ ilé, ó ní òun ti rí nǹkan. Ó ní iye tí Alágbàtà bá kọ́kọ́ pè ni ó máa ń pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí yóò pè. Ó ní nínú gbogbo eré tí òun wò, kò sí ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan tó gbà á rí.

Bàbá wọn gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ìṣọ̀lá, ọjà wo ni wọ́n ti ń gba iye àkọ́kọ́?"

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn, Bàámi. Kò sí. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti bá wa ná ọjà pẹ́. Ó mọ̀ pé ohunkóhun tí òun bá kọ́kọ́ pè, a ó kọ̀ ọ́, nítorí náà kò ni ín lára láti pe ohun tó pọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá kọ̀ ló tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ná a ní tòótọ́."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ń lawọ́ nítorí ó mọ̀ pé a ò ní gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni bàbá wí, "bí o bá ń jẹun dáadáa ni, ọgbọ́n rẹ ì bá pọ̀ gan-an."

Ó wá sọ ìtàn tí wọ́n ti gbọ́ láìmọye ìgbà, ti ọkùnrin ará Òkè kan tó wá sórí omi wá ra páǹpù epo. Bàbá Oníbóòtù pe iye kan fún un, ọkùnrin náà sì san án lójú ẹsẹ̀, ó gbé páǹpù, ó lọ. Bàbá kò jẹun fún odindi ọjọ́ kan. Kí ló wà nínú páǹpù náà tí òun kò mọ̀? Àbí ọkùnrin náà rò pé òun kì í ṣe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni? Ó ní ẹni tó bá gba iye àkọ́kọ́ ti bú ẹni tó tà á. Ẹ ná an. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bínú, ẹ yíjú padà bí ẹni ń lọ. Bí ẹ bá wá ná an tán tí ẹ gbà, ẹ béèrè èènì, nítorí èènì ló ń fi hàn pé ìjà ti parí.

Agolo wọ́ṣà kan, òrùka irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ bóòtù, wà nídìí àtẹ rẹ̀ fún èyí nìkan. Ẹni tó ra bóòtù, ẹni tó ra púlọ́ọ̀gì, ẹni tó ra odindi ẹ́ńjìnnì, á ju wọ́ṣà kan tàbí méjì sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí agolo máa ń ṣófo. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, á ní kò sí èènì lónìí, ẹ má bínú, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì gbé ọjà rẹ̀ lọ. Wọn kì í tìtorí èènì da ọjà rú. Láti ìgbà tí Tinúadé ti lè nàró dé etí àtẹ ló ti mọ èyí, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ̀ pé omi ń tutù.

"Oníbàárà mi," ni Alágbàtà wí. "Fún àpótí yín, ẹ̀gbà mẹ́ta."

Ariwo sọ lórí afárá. "Ná an!" ni gbogbo èrò ń kígbe, bí wọ́n ti máa ń kígbe ní gbogbo ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ lu pákó ìjókòó. "Ná an! Ná an!"

Tinúadé wo gíláàsì. Ìṣọ̀lá ti dìde, ó ti lẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ gíláàsì, ó ń mi orí sókè sódò láìdúró: gbà á, gbà á. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ kan fìlà, ó gbé e gẹ̀gẹ̀ sí apá òsì. Àmì tí ó máa ń ṣe fún un nídìí àtẹ nìyẹn, bí oníbàárà bá wà níwájú wọn. Ó túmọ̀ sí pé, ó kù.

Mẹ́ta. Àwọn mẹ́rin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́, bí ẹni ń sọ ẹni tí yóò ṣọ́ àtẹ, pé bí ẹ̀gbà kò bá ká gbogbo wọn, òun ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ní òun àti omi ti mọ ara wọn. Ìṣọ̀lá ní irọ́ ni, òun tí òun mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù ni yóò dúró. Tinúadé ń wo bàbá rẹ̀ bí ó ti ń di okùn bàtà, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá ojú okùn tí kò rí i. Nínú ìjì ọdún tó kọjá, àwọn mẹ́rin ló di okùn ilé mú, ó sì fẹ́ẹ̀ já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ta ni yóò bá ẹnì kan ṣoṣo dì í?

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́ o, Tinúadé," ni Gbénró wí. "O gbà, tàbí o kò gbà."

Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́yìn aṣọ ìkélé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó yé e. Kò ní kọ ohun tí Alágbàtà pè. Òye Ìṣọ̀lá pé, Tinúadé náà sì ti rí i fúnra rẹ̀ nínú àwọn eré tí àbúrò rẹ̀ mú un wò: ohun tí a bá kọ̀ kì í padà. Kò ní ná an. Kò ní pe iye kankan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn.

"Mo gbà á," ni ó wí.

Igbe èrò dá bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Láti ìgbà tí Gbénró ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀ yẹn rí. Lẹ́yìn gíláàsì, Ìṣọ̀lá kúnlẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀. Ọjà ti parí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, orúnkún Tinúadé tẹ̀ díẹ̀, bí ọmọbìnrin ti ń ṣe níwájú àgbà obìnrin tó bá a tajà, ẹ̀rín kékeré sì bọ́ sí i lójú.

"Ẹ ṣeun, màmá," ni ó wí. "Èènì mi ńkọ́?"

Ìgbì lu òpó. Iná mì.

"Mẹ́rin," ni Alágbàtà wí. "Oníbàárà mi béèrè mẹ́rin. Apá mi kò ká mẹ́rin. Mẹ́ta mi ti kúrò lórí àtẹ."

Tinúadé rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní rárá, òun kò béèrè mẹ́rin, òun ti gba mẹ́ta. Ó ní èènì ni òun wí, èènì kì í ṣe iye. Bí kò bá sí, kí màmá kàn sọ pé kò sí, òun á sì máa lọ. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ló fa àṣìgbọ́, tí yóò sì tán láìpẹ́.

"Mo gbọ́ yín, oníbàárà mi," ni Alágbàtà wí. Ohùn náà kún fún ìfẹ́. "Ẹni tó béèrè ẹyọ kan sí i kò tíì gbà."

"Alágbàtà," ni Gbénró wí, "ohun tó ń wí ni pé..."

Gbogbo ènìyàn rí i pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbà ọwọ́ òsì rẹ̀, ó yí i díẹ̀, bí ó ti lè yí mọ nínú ẹran ara rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó yíjú sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní ọjà ń tẹ̀síwájú.

Nínú gbogbo obìnrin tí ohùn wọn wà nínú àpótí dúdú náà, kò sí èyí tí kò fi èènì sí ọjà rí. Ọ̀kan fi ata sí i, ọ̀kan fi iyọ̀, ọ̀kan rọ epo díẹ̀ lé e. Àwọn tó kó wọn jọ kó ẹnu wọn. Wọ́n gbàgbé ọwọ́.

Wọ́n ṣí àpótí kẹta. Ẹ̀gbà márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n tò bí eyín. Èrò kérora. Iná kú lórí márùn-ún. Ó ku òfo, ó ku mẹ́ta. Ọ̀kan wà lórí tábìlì, ọ̀kan wà lábẹ́ ọwọ́ Tinúadé, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ èwo.

"Oníbàárà mi," ni Alágbàtà wí. "Fún àpótí yín, ẹ̀gbà kan."

Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó kígbe pé kí ó ná an. Tinúadé wá Ìṣọ̀lá lójú. Ìṣọ̀lá ti padà sórí àga, ó ti jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Tinúadé mọ ohun tó fà á. Lábẹ́ ilé lọ́jọ́ ọ̀dà, òun náà ló sọ fún un pé bí ó bá ku méjì, tí ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta, tí èkejì sì jẹ́ òfo, ìṣirò ní kí ènìyàn má gba ẹ̀gbà kan, kí ó ṣí àpótí tirẹ̀. Ìṣirò kò tíì yí padà. Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ náà má baà sọ ọ́.

Bí àpótí yìí bá jẹ́ mẹ́ta, ohun tí òun ti sọ nù ni yóò padà wá. Ó fẹ́ kí ó padà wá. Ó fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ fi ti ń tẹ ìdérí.

Ariwo ti jí Àṣàbí. Ó dìde jókòó lórí itan bàbá àgbà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń wá ìyá rẹ̀ káàkiri inú iná. Nígbà tí ó rí i, ó juwọ́ sí i, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé.

"Mo gbà," ni Tinúadé wí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí Gbénró fi gba àpótí náà.

Òfin ní kí wọ́n ṣí i. Tinúadé kò wò ó. Ojú bàbá rẹ̀ ló wò, ó sì rí i tí bàbá rẹ̀ di ojú, tí ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀. Òfo ni. Èrò dìde dúró. Wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní ó ti na Alágbàtà, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Gbénró gbé ọwọ́ Tinúadé sókè fún kámẹ́rà. Lábẹ́ ariwo náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo makirofóònù rẹ̀.

"Epo pupa ni ìyá mi ń tà lórí ọkọ̀," ni ó wí. "Bí ó bá wọ̀n ọ́n tán, á tún rọ díẹ̀ lé e. Mo mọ ohun tí o béèrè."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un?"

Gbénró wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí makirofóònù, ó sì dágbére fún àwọn tó ń wò wọ́n nílé.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi padà sílé, Ìṣọ̀lá ṣàlàyé, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, pé nígbà tó jẹ́ pé òfo ló wà nínú àpótí, kò sí ohun tó dára ju èyí tí Àǹtí ṣe lọ. Ó tún un sọ. Àṣàbí ń bi wọ́n pé ṣé àwọn borí, Tinúadé sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó ni ẹ̀gbà. Bàbá Oníbóòtù ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé ló tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni ó wí.

"Ẹ kọ́ mi dáadáa, Bàámi."

Ó mi orí. Kò gbà á, kò sì jiyàn.

Ibi tí títì ti jáde kúrò nínú omi, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ, ni ẹnubodè wà. Irin ni, ó ga, kì í sì í ṣí ju ìwọ̀n tí ẹnì kan lè gbà kọjá. Ìyá kan tó wọ aṣọ òjò ló ń dúró tì í. Ní apá kejì, obìnrin kan láti ilé àwọn ọmọ ti ń retí, ó di agbòòrùn mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn láti òkèèrè. Wọ́n ti ṣàlàyé fún Tinúadé: oúnjẹ yóò wà, ilé ẹ̀kọ́ yóò wà, wọn yóò sì máa fi ojú ọmọ hàn án lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó ní ó dáa.

Ẹ̀gbà náà tóbi ju ọwọ́ Àṣàbí lọ. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é. Ìyá ẹnubodè ní yóò fún mọ́ ọn lára bí ó bá dàgbà, ṣùgbọ́n kí ó máa gbé apá sókè ná, kí ó má baà bọ́ sílẹ̀, nítorí pé bí ó bá bọ́ kí ó tó dé ilé, wàhálà ni. Àṣàbí gbé apá sókè láti fi hàn pé ó yé òun. Ó ń gbé e sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mọ ìdáhùn.

Bàbá Oníbóòtù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti fi okùn bọ inú wọ́ṣà kan, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn.

"Kí nìyí?" ni Àṣàbí bi í.

"Èènì ni."

"Kí ni mo rà?"

Ìṣọ̀lá ló dáhùn, ó ní kò ra nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó gbé ọmọ náà sókè, ó jù ú díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó gbé e kalẹ̀, ó sì lọ dúró sí ẹ̀bá omi, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Màámi, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Lọ ná," ni Tinúadé wí. "Máa lọ. Gbé apá rẹ sókè."

Ẹnubodè rí ẹ̀gbà, ó ṣí. Àṣàbí kọjá. Obìnrin tó mú agbòòrùn na ọwọ́ sí i, ó dì í mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Irin náà ti ń padà bọ̀ láti tì. Tinúadé rí i tí àyè tó wà láàárín rẹ̀ ń kéré sí i, tí ó ń gé ọmọ rẹ̀ kù. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀.

"Ìyá," ni ó wí fún obìnrin aláṣọ òjò. "Ẹ jọ̀wọ́. Èènì."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo ẹ̀rọ tó wà lórí òpó, tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó wá na ẹsẹ̀ kan, ó fi bàtà rọ́bà rẹ̀ dá irin náà dúró. Ẹnubodè bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Máa wò ó," ni ó wí. "Tètè máa wò ó."

Títì náà gùn, ó sì ga. Àṣàbí ń bá obìnrin agbòòrùn lọ, ó ń yára gbé ẹsẹ̀ kí ó lè bá a dọ́gba. Kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó ṣọ́ ẹ̀gbà. Ó gbé apá sókè bí wọ́n ti ní kí ó gbé e, ó ga lórí rẹ̀, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń rìn, tí ó fi jẹ́ pé láti ẹ̀yìn, ńṣe ló dà bí ẹni ń juwọ́.

Tinúadé gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó juwọ́ padà, ó sì ń juwọ́ títí ìyá náà fi yọ ẹsẹ̀ rẹ̀.